Àgùntàn Ọpẹ́ Tí Wọ́n Ní Ká Dá Padà

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, mi ò fẹ́ràn àgùntàn. Mo ń ránṣọ ní Ṣàngótẹ̀dó, ṣọ́ọ̀bù mi kò fẹ̀ rárá, tí oníbàárà méjì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní láti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ibo ni mo fẹ́ fi àgùntàn sí? Síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló gba ìdíje ìkẹyìn lọ́wọ́ àbúrò mi obìnrin, àgùntàn ni màá dárúkọ. Kì í ṣe pé ẹran náà ṣẹ ẹnikẹ́ni o. Koríko ló ń jẹ, àti àjákù aṣọ tí mo bá gbàgbé sílẹ̀. Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀.

Apẹja ni ìdílé wa, létí ọ̀sà lẹ́yìn Ajah. Ibi tí bàbá wa ti máa ń da àwọ̀n, wọ́n ti rọ́ yanrìn dí i, ilé alájà ló kún ibẹ̀ báyìí, àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ kò sì mọ̀ pé orí omi ẹlòmíì làwọn ń sùn. Bàbá wa ti kú. Kí wọ́n tó kú, wọ́n rí i dájú pé gbogbo wa mọ̀wẹ̀. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti máa ń gbé èèyàn jù sómi, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Èmi mu omi yó lọ́jọ́ tèmi. Àbúrò mi, àbíkẹ́yìn wa, kò mu ẹ̀kán kan. Ó bọ́ sómi, ó sì ń lọ, bí ẹni tó ti mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìwẹ̀ yìí náà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga máa ń pàdé láti díje, ẹgbẹ́ kan sì wà lórí wọn tó ń pinnu ẹni tó lè díje àti ẹni tí kò lè díje. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí kì í sáré, wọn kì í lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá fọwọ́ sí ọ, o ò gbọdọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ omi. Ní ìdíje tí àbúrò mi kọ́kọ́ lọ, ipò kejì ló ṣe. Díẹ̀ báyìí ni ẹni tó ṣe ipò kìíní fi ṣáájú ẹ̀. Kò sunkún. Kì í sunkún, ọ̀rọ̀ ẹkún ti tán lọ́dọ̀ ẹ̀ látọjọ́ tí a sin bàbá wa. Ó kàn ní, "Àǹtí mi, ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

Ẹ̀ẹ̀kan yẹn bọ́ sí ọdún tó máa ṣe àṣekágbá. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní níbẹ̀ ni wọ́n máa mú lọ sókè òkun láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn díje. Ohun tó ń lé nìyẹn, kò sì ní òmíràn. Òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, àní nínú ààwẹ̀, òwúrọ̀ kùtù ló máa ń jáde lọ lúwẹ̀ẹ́. Tí mo bá ń bá a jà pé kó rọra, á ní tóun bá dé òkè òkun, òun á sinmi nínú bàálù.

Ọjọ́ kejì Iléyá ọdún náà, a jọ lọ sí etíkun Oniru. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí lásìkò ọdún. Ọmọdé, àgbà, aṣọ tuntun lóríṣiríṣi. Èmi ni mo ran díẹ̀ nínú wọn, mo sì ń fojú wá èyí tí mo kánjú ran, kó má lọ já níwájú èrò. Ibi tí mo ti ń ṣe ìyẹn ni mo ti gbọ́ igbe obìnrin kan. Kí n tó yíjú, àbúrò mi ti tú ìró sílẹ̀ sórí yanrìn, ó ń sáré lọ sínú òkun tòun ti bùbá léèsì tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan ran. Mo pariwo, "Aṣọ!" Ẹ gbà mí, aṣọ ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí òun ti rí, orí ọmọ kékeré kan tó ń yọ, tó ń rì, níbi tí ìgbì ti ń fà á lọ.

Mi ò lè sọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó máa fi gbé ọmọ náà jáde, ohùn mi ti há. Ọmọbìnrin ni, kò tíì tó ẹni tó ń lọ sílé ìwé. Àbúrò mi dojú ẹ̀ bolẹ̀, ó gbá a lẹ́yìn, ó tún gbá a. Omi jáde, lẹ́yìn náà ni ẹkún jáde. Ìyá ọmọ náà jókòó sórí yanrìn, àwa la gbé ọmọ lọ bá a. Kò lè dúpẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó kàn di bùbá àbúrò mi mú, kò fi í sílẹ̀.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n wá wa wá sílé. Ará Lakowe ni wọ́n, ìyá ọmọ ń dirun fún àwọn èèyàn, bàbá ẹ̀ sì jẹ́ bíríkìlà. Bàbá ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò mi, ọmọdébìnrin tó lè jẹ́ àbúrò àbúrò rẹ̀. Àbúrò mi sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí ìtìjú. Àgùntàn abo kan ni wọ́n fà wá, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn kó lè dára lójú.

Àbúrò mi ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má ṣèyọnu. Ẹ jẹ́ kó máa bá yín lọ."

Màmá wa pè é wọ yàrá. Mo gbọ́ wọn, ohùn màmá wa kì í lọ sílẹ̀. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rò pé ọmọ wọn ò já mọ́ nǹkan kan ni? Bàbá rẹ yọ èèyàn lómi tó bí ìgbà mélòó, ìgbà wo ni wọ́n kọ ọpẹ́ rí? Wọ́n gba àkùkọ, wọ́n gba ẹyẹlé. Lọ gbà á." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé tiwa nìyẹn. Ẹni tó bá yọ èèyàn nínú omi ní láti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹbí ẹni náà. Ìgbà tó bá gbà á ni gbogbo ayé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi ti parí, pé ọmọ ti di ti ìyá ẹ̀ padà pátápátá. Tí o bá kọ̀ ọ́, ọkàn ìyá ọmọ kò ní balẹ̀ mọ́ láéláé.

Àbúrò mi jáde, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba okùn. Àgùntàn sì fà á lọ gbọọrọ yí agbo ilé ká, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Aládùúgbò wa kan ti ń ya fídíò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò náà ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn. Èmi náà fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà mi, mo ní ẹ wo àbúrò mi tó yọ ọmọ lẹ́nu ikú.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni a so àgùntàn mọ́. Àṣé ó ti lóyún kí wọ́n tó fà á wá. Nígbà tó yá, ó bí ìbejì. Èmi tí mi ò fẹ́ràn àgùntàn, èmi náà ni mò ń ra ẹ̀wà fún abiyamọ.

Ó ku díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ni kóòṣì tó ń kọ́ wọn lúwẹ̀ẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Mo fún un níjókòó, kò jókòó. Ó ní ẹnì kan ti mú fídíò wa lọ bá ẹgbẹ́ náà. Ó ní òfin wọn sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ gba owó tàbí ohun ìní lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀bùn eré ìdárayá tó ní. Ẹni tó bá gbà á ti di ẹni tó ń fi eré jẹun, kò sì lè bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díje mọ́. Wọ́n ti yọ àbúrò mi sílẹ̀ títí wọ́n á fi gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀.

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Mo ní, "Nítorí àgùntàn?"

Ó ní, "Nítorí àgùntàn, mà."

Ọ́fíìsì tí wọ́n pè wá sí wà ní Oniru, òtútù ibẹ̀ ń wọ egungun. Èmi ni mo tẹ̀ lé àbúrò mi lọ. Àwọn mẹ́ta ló jókòó, alága wọn jẹ́ àgbàlagbà tó ń fohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé fídíò sára ògiri. Àgùntàn ń ké nínú yàrá tútù yẹn, àbúrò mi ń tẹ̀ lé e gbọọrọ, ẹ̀rín àwa ará ilé ń dún. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Alága ní, "Ọmọ mi, ta ló fún ẹ ní àgùntàn yìí?"

"Àwọn òbí ọmọ tí mo yọ nínú òkun, sà."

"Kí ló jẹ́ kó o lè yọ ọ́?"

"Mo mọ̀wẹ̀, sà."

"Tí o ò bá mọ̀wẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn á fún ẹ ní nǹkan kan?"

Àbúrò mi wò mí. Mo mọ̀ pé ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó wá nǹkan kan sọ, kó sọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n kì í parọ́, bàbá wa ò kọ́ ọ. Ó ní, "Rárá, sà."

Alága mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi bá dìde. Ẹnu mi kì í gbọ́ tèmi tí inú bá ti ru. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí kò bá mọ̀wẹ̀, òkú ọmọ ni wọn ì bá gbé fún ìyá ẹ̀. Ṣé ìyẹn ni ì bá tẹ́ òfin yín lọ́rùn?"

"Màdáámù, ẹ jókòó," ni alága wí, ohùn ẹ̀ ò yí padà. "Kò sẹ́ni tó sọ pé ohun tó ṣe ò dáa. Àwa náà lọ́mọ. Òfin là ń sọ."

"Òfin yẹn kò lójú ni?"

Àbúrò mi fa ìró mi. Mo jókòó. 

Obìnrin tó wà láàárín wọn béèrè ibi tí àgùntàn wà. Àbúrò mi ní ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti bímọ. Háà! Ẹ wá wo àwọn ọ̀mọ̀wé. Wọ́n forí korí, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nípa ọmọ àgùntàn, bóyá ẹ̀bùn náà ni àbí ọ̀tọ̀ ni. Wọ́n fẹnu kò pé èrè ni. Alága wá ní kí àbúrò mi dá àgùntàn padà fún àwọn tó fún un, òun àti gbogbo èrè tó ti orí ẹ̀ wá, kó ya fọ́tò ibi tó ti dá a padà, kó fi ránṣẹ́.

Àbúrò mi béèrè pé, "Tí mo bá dá a padà, ṣé màá lè lúwẹ̀ẹ́, sà?"

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "A ó gbé e yẹ̀ wò, ọmọ mi."

Ibẹ̀ la ti ṣìnà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé tí àgbàlagbà bá pè ọ́ lọ́mọ, tó sì fohùn pẹ̀lẹ́ dá ọ lóhùn, ó ti gbà fún ọ nìyẹn. A dúpẹ́, a dúpẹ́, àbúrò mi kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí a tó jáde. Nínú ọkọ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ó ṣì ku ẹ̀ẹ̀kan." Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá wa kò gbà. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ irú ẹ̀ rí láti kékeré àwọn. "Ṣé o mọ ohun tí ìyá ọmọ yẹn máa rò?"

Àbúrò mi ní, "Mo mọ̀ ọ́n, mà."  "Ṣùgbọ́n mi ò ní ọ̀nà míì."

A háyà kọ̀rọ̀pẹ̀, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń ná ọ̀nà wa. Àgùntàn wà lẹ́yìn, àwọn ọmọ ẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ wa, ọ̀kan sì tọ̀ sí mi lára kí a tó dé Lakowe. Ilé wọn wà nítòsí ògiri ọgbà àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Omi ń fọ́n sórí koríko nínú ọgbà náà, a ń gbọ́ ọ. Ìyá ọmọ ń dirun fún ẹnì kan níta. Bó ṣe rí wa, ó ju kóòmù sílẹ̀, ayọ̀ kún ojú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí àgùntàn.

 Ó yíjú wá ọmọ ẹ̀, ó gbé e, ó fún un mọ́ra. Ó wá ní, "Kí la fi ṣẹ̀ yín?"

Àbúrò mi kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Ó ṣàlàyé. Ó ní òfin ni, ó ní kì í ṣe láti ọkàn òun, ó ní òun ṣì gba ọpẹ́ wọn. Ẹran nìkan ni òun ń dá padà.

"Ẹ gba ọpẹ́, ẹ sì dá ohun tí a fi dúpẹ́ padà."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé ọmọ mi ṣì jẹ́ tèmi báyìí?"

 Mo mú fóònù jáde nítorí wọ́n ní a gbọ́dọ̀ ya fọ́tò. Ojú tì mí dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Ọmọ wà lọ́wọ́ ọ̀tún ìyá ẹ̀, kò gbé e sílẹ̀, nítorí náà ọwọ́ òsì ló fi gba okùn. Kò wo fóònù. Bí ó ṣe wà nínú fọ́tò tí mo yà nìyẹn, obìnrin tó ń fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, tó ń wo ilẹ̀.

A fi ránṣẹ́, a ń retí. Àbúrò mi ń lúwẹ̀ẹ́ láràárọ̀, ó tiẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nírọ̀lẹ́ náà.

Kóòṣì ló pe fóònù mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ ti gbé e yẹ̀ wò. Wọ́n ní dídá tí ó dá àgùntàn padà ti fi hàn pé òun fúnra ẹ̀ gbà pé ẹ̀bùn náà kò tọ́ sí òun, pé ó gbà á, pé ó tọ́jú ẹ̀ títí tó fi jèrè lórí ẹ̀. Fọ́tò wa ni ẹ̀rí wọn. Kò lè díje.

Mo pariwo débi pé àwọn ọlọ́jà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù sáré wọlé. Mo ní màá lọ sí Oniru lọ́jọ́ náà, màá lọ fọ́ nǹkan. Àwọn tó ní ká dá a padà! Àwọn náà ló ní ká ya fọ́tò! Àbúrò mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ẹ ṣé, sà," ló sọ fún kóòṣì. "Mo dúpẹ́ gbogbo wàhálà yín." Ó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fọ aṣọ tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, ó sá a. Ó gbẹ, kò ká a. Òjò pa á, ó tún gbẹ. Èmi ni mo lọ ká a nígbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ níbi ìdíje, ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀dọ̀ mi ni àbúrò mi wà, ó ń bá mi gán bọ́tìnì. Ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀. Ó kà á. Ọmọbìnrin tó máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dánra wò ló ṣe ipò kìíní. Ó da fóònù dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, ó mú bọ́tìnì mìíràn.  Mò ń tẹ ẹ̀rọ mi lọ, mi ò mọ ohun tí mò ń rán.

Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ igbe àgùntàn lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá ọmọ ni. Ó fa àgùntàn dání, àwọn ọmọ ẹ̀ ti tóbi, wọ́n ń tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin kékeré náà di ìró ìyá ẹ̀ mú. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí wa, ó dìde. Ó rù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó kọjú sí àbúrò mi. "Aládùúgbò yín sọ fún mi. Wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ lúwẹ̀ẹ́ náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti dá a padà, mi ò jẹ́ kí ọmọ yìí dé ìdí kànga. Ife ni mo fi ń bu omi wẹ̀ ẹ́. Tí òjò bá ti ṣú, màá gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, màá ti ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ní orí mi ti dàrú." Ó nu ojú ẹ̀. "Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ dá padà gan-an?"

Àbúrò mi ní, "Àgùntàn. Àti gbogbo èrè tí mo jẹ."

Obìnrin náà fa ọmọ ẹ̀ kúrò lẹ́yìn ìró, ó tì í síwájú, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Èyí ńkọ́? Èrè yín tó tóbi jù rèé. Ta ni wọ́n ní kẹ́ ẹ dá òun padà fún?"

 Bọ́tìnì bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, ó yí lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ìgbà náà ló tó sunkún, èyí tí mi ò rí i kó sun látìgbà ikú bàbá wa, ó kúnlẹ̀, ó fi orí sí àyà ọmọ kékeré náà. Ọmọ náà dúró, kò sá, ó kàn ń wo ìyá ẹ̀ pé kí lòun ṣe.

Nígbà tó dákẹ́, ìyá ọmọ na okùn sí i. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi nà án lọ́tẹ̀ yìí. Àbúrò mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò.